Kò Sí Iná Nínú Àkàrà

Sí Olóòtú Ìwé Ìròyìn,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́. Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àkàrà nínú ojú ìwé oúnjẹ dùn mọ́ mi títí mo fi dé ibi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé ìtumọ̀ "àkàrà" ní èdè wa ni "bọ́ọ̀lù iná". Mo mọ ibi tí ó ti rí i, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣàlàyé acarajé, àkàrà tiwọn, fún àlejò ní ìlú Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíl, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìwé ìròyìn Yorùbá gbà á wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí a pò, tí a ṣù, tí a sì dín tàbí tí a yan ni à ń pè ní àkàrà. Òótọ́ ni pé bí a bá dárúkọ rẹ̀ lásán, ti ẹ̀wà ló ń wá sọ́kàn, irú èyí tí èrò ọkọ̀ máa ń rà ní Òsu lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà. Síbẹ̀, nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n lò fún búrẹ́dì. Àkàrà aláìwú ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ lóru tí wọ́n fẹ́ kúrò ní Íjíbítì, ìṣù àkàrà barle márùn-ún ló sì wà lọ́wọ́ ọmọdékùnrin inú Ìhìn Rere Jòhánù. (Àwọn ọmọdé ìsinsìnyí máa ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n rò pé wọ́n dín in nínú epo ni.) Bí ó bá jẹ́ pé iná ni ìtumọ̀ rẹ̀, ta ni yóò fi pe búrẹ́dì?

Ojúbọ ni iná náà ti wọlé. Àwọn tí ń sin Ṣàngó àti Ọya ní Bahia mọ àkàrà mìíràn, èyí tí í ṣe òwú tí a rẹ sínú epo pupa, tí a tiná bọ̀, tí ẹni tí òrìṣà gùn yóò sì gbé mì. Lójú tèmi, òwú yẹn ló yá orúkọ lọ́dọ̀ oúnjẹ, nítorí pé ó pọ́n, ó rin fún epo, ẹnu ló sì ń lọ. Acarajé gan-an, oúnjẹ Ọya ni, kò sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ méjèèjì dàrú mọ́ra wọn.

Ní ti "jé" tó gbẹ̀yìn orúkọ náà, òǹkọ̀wé yín gbà á: "jẹ" wa ni. Ohun tí kò ṣàlàyé ni bí ó ṣe tẹ̀lé àkàrà, nígbà tí ó jẹ́ pé "jẹ àkàrà" ni à ń wí. Ẹ tẹ́tí sí bí a ṣe ń polówó nídìí agbada: "Ẹ wá ra àkàrà jẹ." Mo gbà pé ẹni tí kò gbédè, tí ó ń gbọ́ ìpolówó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá, ìparí gbólóhùn náà ni yóò dì mú.

Oúnjẹ náà kò kúkú yí padà púpọ̀. Wọ́n ń rẹ ẹ̀wà, wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, wọn yóò wá fi ṣíbí onígi pò ó títí yóò fi wú, kí wọ́n tó dín in nínú epo pupa. Wọ́n máa ń là á láàárín, wọn yóò sì kó ata àti edé gbígbẹ sínú rẹ̀. Ní ọdún 2005, ìjọba àpapọ̀ Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà obìnrin yìí sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà.

Mo rọ̀ yín kí ẹ tún gbólóhùn náà ṣe nínú ẹ̀dà tí ń bọ̀, pàápàá nítorí àwọn olùkọ́ tí máa ń gé ojú ìwé yín lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín kan ní Iléṣà.