Sí Àjọkẹ́, lórí Nocturne tó fẹ́ tẹ̀

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú iṣẹ́, o kú ìmúra ìdánwò. Èmi àti màmá rẹ jókòó gbọ́ ohùn Nocturne náà, orin píánò jẹ́jẹ́ bí ti alẹ́, tí o tẹ̀ tí o sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, a gbọ́ ọ dópin, inú wa sì dùn. Ìka rẹ ti yá ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣìtẹ̀ rárá. O fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé orin náà wọ̀ ọ́ lára, o sì ń sọ ọ́ fún wọn ní gbogbo bar, ìyẹn ìpín kíkà orin kọ̀ọ̀kan: o fa ibí gùn, o tẹ ibẹ̀ líle, o tún dúró díẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan nóòtù òkè. Nígbà tí orin fi máa dé ibi tó yẹ kó gbóná gan-an, o ti ná gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ tán. Kó ara rẹ níjàánu, ọmọ mi. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ìmọ̀lára rẹ̀ ná ni etí máa ń gbọ́.

Chopin, ọmọ Poland tó kọ orin náà, kò tíì ju ẹni ọdún 22 lọ nígbà tí àwọn Nocturne mẹ́ta tó wà nínú Opus 9, ìyẹn nọ́ńbà 9 nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀, jáde ní 1832, èkejì wọn sì ni èyí tí o mú. Ó ti kúrò ní Warsaw ní oṣù kọkànlá ọdún 1830, kò sì tún fojú kan ilẹ̀ Poland mọ́ títí ó fi kú ní Paris ní 1849. Nítorí ìtàn yìí ni àwọn kan ṣe ń tẹ orin náà tẹkún-tẹkún. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìrìn pẹ̀lẹ́ ni Chopin ní kí á rìn, pẹ̀lú ohùn dídùn tó ní ìmọ̀lára nínú. Kò ní kí ẹnikẹ́ni sunkún.

Orí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni o ti kọ́kọ́ kọ́ orin, bíi tèmi náà. Bí o bá tẹ nóòtù mọ́lẹ̀ lórí dùùrù, ohùn rẹ̀ á dúró ṣinṣin títí o fi máa gbé ìka kúrò. Píánò kò rí bẹ́ẹ̀. Òòlù kékeré ló ń lu wáyà nínú rẹ̀, gbàrà tó bá sì ti lù ú tán ni ohùn náà ti ń rọlẹ̀, kò sì sí ohun tí ìka rẹ tún lè ṣe sí i. Nóòtù tó tẹ̀lé e ni agbára rẹ kù sí. Wo ìbẹ̀rẹ̀ orin náà ní sol-fa: láti sọ ìsàlẹ̀ ló ti fò dé mi òkè. Mi yẹn gùn. Gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ dé, kí o sì mú nóòtù tó tẹ̀lé e wọlé láti ibẹ̀ gan-an. Bí o bá mú un wọlé pẹ̀lú agbára tí o fi tẹ mi, ìkọlù tuntun ni etí máa gbọ́, okùn orin á sì já.

Nítorí náà, fi ẹnu kọ ọ́ ná. Fi sol-fa kọ ọ́ bí a ṣe ń ṣe nínú ẹgbẹ́ akọrin, ibi tí èémí rẹ bá sì ti tán, jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbé sókè díẹ̀ níbẹ̀. Chopin fẹ́ràn orin opera àwọn ará Italy púpọ̀, ó sì máa ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n lọ gbọ́ àwọn ògbóǹtagí akọrin.

Ọwọ́ òsì ló ká mi lára jù. Kíkà 12 ló wà nínú bar kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin: nóòtù ìsàlẹ̀ kan, kọ́ọ̀dù (nóòtù mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀) méjì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Chopin sọ pé ó máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ọwọ́ òsì ni olùdarí, òun ni kò gbọdọ̀ yẹ̀, kí ọ̀tún tó lè ní òmìnira. Ohun tí wọ́n ń pè ní rubato, fífa àkókò gùn tàbí mímú un yára díẹ̀, nìyẹn lọ́dọ̀ tirẹ̀. O mọ bí àwọn onídùndún ṣe ń ṣe é: gúdúgúdú kì í yẹsẹ̀, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, tó ń pẹ́ sẹ́yìn díẹ̀, tó tún ń yára bá a. Nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́, ọwọ́ òsì rẹ ń sáré tẹ̀lé ọ̀tún kiri, ó dúró níbi tí ọ̀tún bá dúró, ó sì yára níbi tó bá yára. A ò wá mọ ẹni tó pẹ́ àti ẹni tó yá. Àwọn kọ́ọ̀dù méjì yẹn tún ń pariwo ju nóòtù ìsàlẹ̀ lọ. Jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ dún kó yè kooro, kí ìka tó ń tẹ kọ́ọ̀dù má fi ojú píánò sílẹ̀.

Orin kan náà ló ń padà wá, tí ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Yọ gbogbo ọ̀ṣọ́ náà kúrò fún ìgbà díẹ̀, kí o tẹ egungun rẹ̀ lásán, títí ọwọ́ rẹ á fi mọ ibi tó ń lọ. Lẹ́yìn náà ni kí o wá dá wọn padà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Chopin fúnra rẹ̀ kọ ọ̀ṣọ́ mìíràn sínú ìwé orin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fún Nocturne yìí kan náà. Má jẹ́ kó dún bí ohun tí o há sórí. Ti pẹ́dà kò pọ̀: gbé ẹsẹ̀ nígbà tí nóòtù ìsàlẹ̀ tuntun bá dún, kí o sì tẹ̀ ẹ́ padà kíá.

Wàyí o, ibi tí mo ní kí o máa tọ́jú agbára dè. Nítòsí òpin, orin náà á gòkè, á gbóná, á yára, ọwọ́ ọ̀tún á di oníbejì, nóòtù kan náà lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni kí o ti tú gbogbo rẹ̀ jáde, má ṣẹ́ nǹkan kan kù. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni Chopin kọ senza tempo, pé kíkà ti dópin. Ọwọ́ òsì tí kò sinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ á dákẹ́, àwọn nóòtù kéékèèké á máa yí po léraléra lọ́wọ́ ọ̀tún nìkan, wọn á sì máa lọọlẹ̀. Bí òsì rẹ bá ti ń ṣe ségesège láti òwúrọ̀ orin, ta ni yóò mọ̀ pé kíkà ti dópin níbẹ̀?

Ìlú tí o wà yẹn, Manchester, Chopin tẹ píánò níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1848, nígbà tí àìsàn ti rẹ̀ ẹ́ gidi. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́ ọ láyé rẹ̀ ló sọ pé ohùn rẹ̀ kì í pọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń fetí sí i. Má bẹ̀rù ohùn jẹ́jẹ́ níwájú àwọn olùdánwò. Fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jókòó, nítorí òtútù.

Lọ́sẹ̀ yìí, má fi odindi rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fẹ́ gbọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé senza tempo, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú metronome, ẹ̀rọ tó ń ka àkókò, lẹ́ẹ̀kan láìsí i. Èmi á máa kọ ohùn òkè sí i níbí. Màmá rẹ ní kí n béèrè bóyá o ń jẹun dáadáa.

Èmi ni,
Bàbá rẹ