Ṣé ó mọ bọ́ọ̀lù?

Olóòtú wa,

Mo kí yín láti Kawo, ní Kàdúná. Ìwé ìròyìn yín kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí gan-an, onísúyà ló fi wé ẹran fún mi lálẹ́ Sátidé. Bí mo ṣe tú u, mo rí àkọlé kan nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbọn àlùbọ́sà kúrò lórí rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí orúnkún, mo sì kà á sókè fún ọmọ ọmọ mi. Òróró ti jẹ ìdajì rẹ̀.

Akọ̀ròyìn yín kọ ọ́ pé àwọn òǹwòran bú Walter Tull, ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ dúdú náà, ní Bristol lọ́dún 1909, nígbà tó wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Tottenham. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló fi í sí, àfi bíi pé ọjọ́ tí wọ́n bú u ló kú. Ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, “Bàbá àgbà, ṣé ó mọ bọ́ọ̀lù?” Ẹ ò sọ fún wa.

Ó mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin mi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Northampton. Nígbà tí mo lọ kí i, ó mú mi lọ sí Sixfields, pápá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú yẹn, mo sì dúró níwájú òkúta ìrántí Tull. Títì tó wà níbẹ̀, Walter Tull Way ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í fi orúkọ ẹni sọ títì torí pé wọ́n bú u. Ọdún 1911 ló fi Tottenham sílẹ̀ wá síbẹ̀, ó sì gbá fún wọn ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ.

Folkestone ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1888. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ará Barbados. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn méjèèjì ti kú, wọ́n sì mú òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Edward lọ sílé ọmọ aláìlóbìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdílé kan gba Edward tọ́ ní Glasgow, ó di dókítà eyín. Walter ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Oṣù Kejìlá ọdún 1914, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ló wọṣẹ́ ológun, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Middlesex tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó ja ogun Somme nílẹ̀ Faransé. Lọ́dún 1917, wọ́n fi í jẹ ọ́físà, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin ológun wọn nígbà náà kò fàyè gba aláwọ̀ dúdú nípò yẹn. Èmi fi ọdún méjìlélógún ṣe ṣọ́jà, sájẹ́ńtì ni mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ ohun tí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ọ́físà tuntun ń fi sí èjìká jẹ́.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Ní Ítálì, nínú òtútù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1918, ó kó ọmọ ogun 26 sọdá odò Piave lóru lọ bá ọ̀tá, ó sì kó gbogbo wọn bọ̀ láìfarapa. Ẹni tí kò ṣe é rí á ní kí ló wà níbẹ̀. Ní Làìbéríà, èmi náà ṣíwájú àwọn èèyàn sọdá omi lóru rí. Omi kún bàtà, ó ń dún fúlọ́fúlọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé ìró yẹn á tú wa fó. Àwa mẹ́sàn-án la lọ. Nígbà tá a padà gúnlẹ̀, mo ka orí nínú òkùnkùn, mo ka mẹ́jọ. Àyà mi já. Mo tún un kà, mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rántí pé mi ò ka ara mi. Mẹ́sàn-án náà la pé o.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1918 ni ìbọn ba Tull nílẹ̀ Faransé, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Tom Billingham, aṣọ́lé ẹgbẹ́ Leicester nígbà kan rí, gbìyànjú láti gbé e kúrò lójú ogun, kò ṣeé ṣe. Wọn ò rí òkú rẹ̀ títí dòní. Orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ìrántí ní Arras.

Ẹ bá wa kọ ìyókù, kí ẹ sì fi àwòrán rẹ̀ sí i, èyí tó ti wọ ẹ̀wù bọ́ọ̀lù. Tó bá ṣeé ṣe, ojú ìwé àárín ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. Èyí tó wà lẹ́yìn ni onísúyà wa máa ń kọ́kọ́ fà ya.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Sájẹ́ńtì tó ti fẹ̀yìn tì,
Kawo, Kàdúná.