Dà á nù, Àbẹ̀kẹ́ mi

Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Ọjọ́ 19 rèé tí mi ò gbóhùn ẹ. Mo pè, ó dún títí, o ò gbé e. Kì í ṣe torí owó o, má rò pé torí owó oṣù tó kọjá tí o ò fi ránṣẹ́ ni, bàbá ẹ ti ta àgbàdo díẹ̀, a ń jẹun. Ohun tó jẹ́ kí n ní kí àbúrò ẹ bá mi tẹ ìwé yìí ni pé ọmọ ìyá alátẹ tó ń gbé ládùúgbò yín ní Kùtọnu wá sí Kétu fún ìsìnkú, ló bá ń sọ ọ́ bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ pé inú run ẹ́ fún ọjọ́ 3, pé o bì, o yàgbẹ́, o ò lè dìde lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ 3! Èmi tí mo bí ẹ, ẹnu ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ó tún ní ọjọ́ Àìkú kan lo máa ń to oúnjẹ oṣù kan sílẹ̀, pé o máa ń di adìyẹ tútù, tòmátì, àlùbọ́sà àti ata sínú ọ̀rá, o tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú kọ̀ngẹlatọ̀ (fírísà lẹ́nu àwọn ẹbí wa ní Ìmẹ̀kọ), tílẹ̀ bá mọ́ o fa ọ̀kan yọ, o jù ú sínú ìkòkò iná tí ẹ̀gbọ́n ẹ fi ránṣẹ́ láti Paris, slow cooker yẹn, o tan án síbi tí iná ẹ̀ ti kéré jù, o bá tìẹ lọ títí alẹ́.

Mi ò bá ẹ jà pé o ń to oúnjẹ sílẹ̀. Ọgbọ́n ni. Ẹni tó ń jáde ní agogo 6 àárọ̀ tó ń wọlé ní 8 alẹ́, ṣé búrẹ́dì ojú títì ni kó máa jẹ lójoojúmọ́? Èmi náà nígbà tí mo ń tajà, ọjọ́ tó bá ku ọ̀la ọjà ni mo máa ń lọ ata tí mo máa ń dín in sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ yẹn ní o máa ń kọ déètì sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, inú mi dùn, mo ní ọmọ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹran tó dì bí òkúta, Àbẹ̀kẹ́! Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀?

Mo ní kí àbúrò ẹ wá ohun tí wọ́n kọ nípa ìkòkò yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń ka Faransé, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún mi. Ìkòkò yẹn ò dà bí ìkòkò orí èédú o, kì í gbóná kíákíá, ńṣe ló ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ẹran dídì tó yọ́ nínú ẹ̀ kó tó wá gbóná, á ti pẹ́ gan-an láàárín ìwọ̀n ooru 5 sí 60 °C, ibẹ̀ gan-an sì ni kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i. Yìnyín kì í pa wọ́n, ó kàn ń mú wọn sùn ni. Torí náà lálẹ́ tó ṣáájú, gbé ọ̀rá yẹn kúrò nínú kọ̀ngẹlatọ̀, gbé e sínú abọ́ kí omi adìyẹ má kán sára nǹkan míì, kó sùn nísàlẹ̀ fíríìjì. Tó bá nípọn, fún un ní ọjọ́ kan gbáko. Tó o bá jí tí àárín ẹ̀ ṣì le, gbé e ka gáàsì kó o sè é bí a ṣe ń sè é nílé. Má fi sínú ìkòkò yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, má fi síbẹ̀.

Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bí kíndìnrín yẹn ńkọ́? Ọmọ yẹn ní o máa ń fi sí i. Kì í ṣe bí ẹ̀wà tiwa o, oró wà nínú ẹ̀ tí kò bá hó dáadáa, ooru kékeré sì lè mú oró yẹn le ju ti tútù lọ, láàárín wákàtí 1 sí 3 èèyàn á ti máa bì. Rẹ ẹ́ fún wákàtí 5 ó kéré tán, da omi ẹ̀ nù, fi omi míì sè é lórí gáàsì kó hó dáadáa. Wọ́n ní ìṣẹ́jú 10 tó, èmi ní kó jẹ́ 30. Ìgbà yẹn ló tó lè wọ inú ìkòkò yẹn.

Ewúrẹ́ dúdú bímọ, méjì, abo ni méjèèjì. Orúnkún bàbá ẹ ṣì ń dùn ún.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló tún ń kó mi láyà sókè jù. Tó bá lọ ní agogo 10 tó dé ní 2, ìwọ tó o wà níbi iṣẹ́, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? O máa délé, ọbẹ̀ á máa ta sánsán, ẹran á ti rọ̀, o ò ní mọ̀ pé ó ti fi wákàtí 4 wà láìgbóná. Bi àwọn ará ilé. Tí wọ́n bá ní iná lọ, dà á nù. Ti kọ̀ngẹlatọ̀, gbé ife omi kan síbẹ̀, tó bá dì kó o fi owó ẹyọ 25 lé orí yìnyín yẹn. Ọjọ́ tó o bá rí owó yẹn nísàlẹ̀ ife, ohun tó wà níbẹ̀ ti yọ́ ó tún ti dì padà, kó gbogbo ẹ̀ dà nù. Gbogbo ẹ̀ o, àti adìyẹ àti ẹja.

Mo mọ̀ pé o ò ní fẹ́ dà á nù. Èmi ni mo kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń ní ẹni tó bá da oúnjẹ nù á wá a tì.

Ṣé o rántí ọdún 2010, tí omíyalé bo ibi púpọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, tí gbogbo nǹkan wọ́n? O jẹ́ ọmọ ọdún 10, àbúrò ẹ jẹ́ 4. Wọ́n fún mi ní ọbẹ̀ adìyẹ níbi ìsọmọlórúkọ lọ́sàn-án, mo gbàgbé ẹ̀ sórí tábìlì di ọjọ́ kejì. Mo gbọ́ òórùn ẹ̀ o, Àbẹ̀kẹ́. Ó ti fẹ́ kan. Mo kàn fi iná kan án díẹ̀ torí èédú ò tó, mo fi jẹ àkàsà fún àbúrò ẹ. Ìwọ ní ebi ò pa ẹ́. Nígbà tó di alẹ́ ọmọ ò lè gbórí dúró mọ́, ojú ẹ̀ wọnú, a gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ 2. Mo sọ fún bàbá ẹ pé ibà ni. Ìwọ wá bi mí níwájú ẹ̀ pé ṣé kì í ṣe ọbẹ̀ yẹn ni, mo gbá ẹ lẹ́nu.

Àbúrò ẹ ti dáwọ́ dúró, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ń wò mí. Òun náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Látọjọ́ yẹn ni o ò ti sọ fún mi mọ́ tí ara ẹ ò bá dá. Mo rí i, mo ṣe bí ẹni pé mi ò rí i, mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ mi kì í ráhùn. Ọmọ tí mo gbá lẹ́nu ni.

Mo fi irú àti ata gbígbẹ rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́la, lọ gbà á ní ibùdókọ̀. Irú yẹn, jẹ́ kó wà nínú fíríìjì. Tó o bá ń se ẹ̀fọ́ gbọ̀mà, má fi ewé ẹ̀ sí i láàárọ̀, á di ẹrẹ̀, ìgbà tó o bá dé lálẹ́ ni kó o dà á sí i. Má sì máa ṣí ọmọrí ìkòkò yẹn ṣáá, ooru ẹ̀ ń jáde ni, kò sì tètè ń padà.

Dá mi lóhùn. Tí o ò bá lè sọ ọ́ lẹ́nu, tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Kí lo jẹ lọ́jọ́ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí run ẹ́? Ṣé o gbọ́ òórùn ẹ̀ kó o tó jẹ ẹ́?

Ìyá rẹ ni.