Ẹ bá wa kéde eré àwọn báńdì aládàlù kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣe é kú akitiyan. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, ojú ewé àwọn olórin àti òṣèré ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí, nítorí pé onígìtá ni mí nínú báńdì jùjú kí ọjọ́ orí tó ní kí n gbé gìtá kọ́ ògiri. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Bí oṣù kẹwàá ṣe ń sún mọ́lé yìí, tí àkókò òde alẹ́ sì ń wọlé bọ̀, ẹ jẹ́ kí a máa rí i kà lọ́dọ̀ yín, kí ọjọ́ tó pé, ibi tí àwọn báńdì aládàlù, ìyẹn àwọn tó ń da oríṣiríṣi orin pọ̀ tí wọn kò sì sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ agbórinjáde ńlá kankan, yóò ti ṣeré lójúkojú àti aago tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí kò ju pé lóṣù tó kọjá, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan, tí èmi àti bàbá rẹ̀ jọ wà nínú báńdì nígbà èwe wa, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣeré ní Ìbàdàn níbí. Wọ́n kó gìtá wá, wọ́n kó sasofóònù wá, dùndún àti omele náà kò gbẹ́yìn. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti padà sí Èkó ni bàbá ọmọ náà pè mí, tó ń bi mí pé báwo ni mo ṣe rí eré ọmọ àwa méjèèjì. Ẹnu mi wọhò. Ibi tí wọ́n ti ṣeré kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí ilé mi. Orí fóònù láàárín àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ti kéde rẹ̀, èmi àti irú mi tí a ó bá sanwó ẹnu ọ̀nà tayọ̀tayọ̀ kò sì gbọ́ ohunkóhun.

Mo ti ronú sí ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ètò fújì lórí rédíò kò ní gba orin wọn, yóò ní gìtá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé orin ìgbàlódé sáfẹ́fẹ́ náà yóò ní ìlù ti pọ̀ jù. Ilé iṣẹ́ tí ì bá sanwó pátákó àti ìpolówó kò sí lẹ́yìn wọn. Wọ́n wá dà bí àjàò tí kò ṣeku tí kò ṣẹyẹ, kò sì sí ẹni tó gbà pé iṣẹ́ òun ni láti pe aráàlú wá wò wọ́n.

Síbẹ̀, èwo nínú orin wa ni kì í ṣe àdàlù? Nígbà tí I. K. Dáíró gbé akọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, ẹnì kan ì bá ní ohun èlò òyìnbó kò bá gángan ṣe, ṣùgbọ́n orin yẹn náà ló mú kí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá lọ́dún 1963. Gìtá pedal steel, tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà fi ń kọrin arò, ni Sunny Adé mú wá sílé, tó fi sí àárín àwọn onílù rẹ̀ títí a fi gbàgbé pé àlejò ni. Inú wéré, tí àwọn ọmọdé fi ń jí àwọn mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Ramadan, ni Síkírù Àyìndé Barrister ti bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣàlàyé pé sákárà, àpàlà, jùjú àti àwọn mìíràn ni òun pò pọ̀ tí òun fi pè é ní fújì. Fẹlá kọ́ orin ní ilé ẹ̀kọ́ ní London, ó bá háíláìfù nílé, ó fẹ́ràn jáàsì, Tony Allen wá bá a na ìlù sí i ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà nà án rí. Lágbájá, tó ń gbé orin ara rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, kó bàtá àti dùndún sí ẹ̀gbẹ́ sasofóònù ní gbọ̀ngàn rẹ̀ ní Ọ̀pẹ̀bí, Ìkẹjà. Ìyá mi se àdàlù tà ní tirẹ̀, mi ò sì gbọ́ ọ rí kí oníbàárà bi í léèrè pé kí ni àgbàdo wá ṣe nínú ẹ̀wà.

Àwọn tó ń ṣe é lónìí kò kéré. Adé Bantu dá báńdì BANTU sílẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì lọ́dún 1996. Lọ́dún 2005 ó bá Adéwálé Àyúbà pawọ́ pọ̀ gbé àwo kan jáde tí fújì àti hip-hop ti jókòó pọ̀ láìjà. Láti ọdún 2013 ni òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré olóṣooṣù ní Freedom Park, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn amúnisìn ní Erékùṣù Èkó tí wọ́n sọ di ọgbà ìgbafẹ́ lọ́dún 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn níjelòó ni wọ́n sọ di ìtàgé, kí Ọlọ́run ṣàánú fún àwọn tó sùn níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nínú ètò náà ni pé nígbà náà ibì kan ni wọ́n ti ń ṣe é, oṣooṣù ni, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ olórin tí wọ́n pè lóṣù yẹn máa ń wọṣọ lọ. Àwọn ọmọ ìyá méjì tó ń jẹ́ The Cavemen náà ń fi gìtá àti ìlù jí háíláìfù dìde láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2020. Èdè Ìgbò ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ rẹ̀, èmi tí kò gbọ́ Ìgbò sì ń jó.

Ẹ tún wo báńdì Ezra Collective ní London. Ọmọ wa ni Fẹ́mi Kóléoṣó tó ń lu ìlù níbẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ tó ń ta gìtá béèsì, Fẹ́mi sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Tony Allen kí bàbá náà tó kú lọ́dún 2020. Wọ́n da jáàsì pọ̀ mọ́ orin Fẹlá àti ti àwọn ará Jàmáíkà. Lọ́dún 2023 wọ́n gba ẹ̀bùn Mercury, tí wọ́n ń fún àwo orin tó dára jù lọ́dún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, èyí tí ẹgbẹ́ oníjáàsì kankan kò gbà rí, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2024, gbọ̀ngàn ńlá Wembley ni wọ́n ti ṣeré. Ìgbà tí ẹ̀bùn ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ayé tiwa, òde ìnáwó ló ń bọ́ báńdì. A ó ki ẹni tó ń ṣòkú, a ó ki àna rẹ̀, wọn yóò sì náwó fún wa títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn ọmọ yìí kì í kọ orin oríkì fún olówó, nítorí náà owó ẹnu ọ̀nà ni gbogbo oúnjẹ wọn. Olórin tó gbajúmọ̀ lè mú ẹnì kan ṣoṣo dání tí yóò bá a tẹ orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, kí òun máa pariwo lé e lórí. Báńdì ẹlẹ́ni mẹ́wàá yóò wọkọ̀, yóò jẹun, yóò yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn, yóò sì ra dísù sí jẹnẹrétọ̀. Bí àádọ́ta ènìyàn péré bá wá, gbèsè ni wọn yóò gbé relé.

Ohun tó yẹ kí ìkéde náà ní kò pọ̀: ọjọ́, ibi, aago, iye tíkẹ́ẹ̀tì, àti bóyá wọn yóò lu ohun èlò wọn lójú wa ní tòótọ́. Ti aago yẹn ló ká mi lára jù. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọbìnrin mi lọ wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Aago méje ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́wàá àbọ̀ ti lù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán gbohùngbohùn wò. Orin mẹ́rin péré la gbọ́ kí ọmọ mi tó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ o, ọkọ̀ ò ní í sí mọ́." Orin kẹrin yẹn ṣì wà ní etí mi, ó dùn tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn mí jù. Bí ìwé ìròyìn bá ti tẹ aago jáde, ojú yóò ti àwọn tó gbé eré kalẹ̀ láti sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́.

Felabration, ayẹyẹ orin ọlọ́sẹ̀ kan tí Yẹni Kútì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998 láti máa fi rántí bàbá rẹ̀, Fẹlá, máa ń wáyé nínú oṣù kẹwàá ní Shrine tó wà ní Agídíngbí. Lọ́dọọdún ni ẹ máa ń tẹ àwòrán àwọn gbajúmọ̀ tó bá gun ìtàgé níbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn báńdì tí orúkọ wọn kò tíì rinlẹ̀ náà máa ń rí àyè ṣeré níbẹ̀, àwọn gan-an ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí orúkọ wọn jáde kí ọ̀sẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀. Àyè tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló máa gbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ọwọ́ mi wọn àwòrán ọkọ̀ tuntun tí olórin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní ojú ewé náà. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta ni.

Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé àwọn ọmọ náà ń padà bọ̀ ní Ìbàdàn nínú oṣù kọkànlá. Mo ti ní kó sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago ránṣẹ́ sí yín ní oṣù kan ṣáájú. Mo ti tọ́jú owó tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onígìtá jùjú tó ti fẹ̀yìn tì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.