Ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó kẹ́rù wọlé

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Ọ̀rọ̀ ilé yíyá ni mo bá wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e jáde. Ọdún 11 ni mo fi jẹ́ tẹ́náǹtì kí n tó di lánlọ́ọ̀dù (yàrá méjì péré ni mo fi ń rẹ́ǹtì, ẹ má pè mí lólówó), torí náà mo ti jẹ nínú ìyà tọ̀tún tòsì.

Ilé tí mo gbé kẹ́yìn, ìgbà tí mo fẹ́ kó jáde, onílé ní òun ò ní dá dípọ́síìtì mi padà, pé mo ti ba ògiri jẹ́. Ògiri wo? Òrùlé tó ń jò ló ti sọ igun yàrá yẹn di dúdú kí n tó débẹ̀, mo sì sọ fún un lọ́jọ́ tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó ní má mikàn, a máa tún un ṣe. Ìgbà tọ́rọ̀ dójú ẹ̀, ó lóun ò rántí. Èmi náà ò ní fọ́tò, mi ò ní ìwé, ẹnu lásán ni mo ní. Bí owó yẹn ṣe wọgbó nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba ilé, kẹ́ ẹ tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, ẹ mú fóònù yín kẹ́ ẹ yí ilé yẹn po, ẹ ya ògiri, sílìǹgì, wíńdò tó ti sán, ilẹ̀kùn tí ò tì dáadáa, àti nọ́ńbà tó wà lójú mítà iná, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an kí déètì lè wà lára ẹ̀. Àwọn kan ní ojú ń ti àwọn, pé onílé á rò pé àwọn ò fọkàn tán òun. Ojú wo ló ń tì yín? Ó gba èmi lánlọ́ọ̀dù náà lọ́wọ́ ẹjọ́. Ọ̀dà tó ṣá torí pé èèyàn ń gbébẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìbàjẹ́, àmọ́ ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ fìbínú gbá ya, ẹ sanwó ẹ̀ jàre.

Tí nǹkan bá sì bàjẹ́, ẹ tètè sọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ má ní torí pé onílé ò ṣàtúnṣe ẹ ò ní sanwó ilé mọ́ o, ìyẹn lè gbé ẹjọ́ yín fún un lọ́wọ́ ọ̀tún lọ́wọ́ òsì.

Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú sí mi. Pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ yín ò ní kẹ́ ẹ kàn máa ṣílẹ̀kùn wọlé tẹ́náǹtì, ẹ sọ tẹ́lẹ̀, àfi tí iná bá ń jó tàbí tí páìpù bẹ́. Owó tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ kọ rìsíìtì. Tẹ́náǹtì tó jẹ gbèsè pàápàá, ẹ má lọ yọ òrùlé lórí ẹ̀ tàbí gé iná ẹ̀, ẹ fún un ní nótíìsì, kẹ́ ẹ gba kótù lọ. Iye ọjọ́ nótíìsì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, ẹ béèrè òfin ibi tẹ́ ẹ wà. Láti ọdún 1991 ni ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ètò ọrọ̀ ajé, àwùjọ àti àṣà ti sọ pé ó yẹ kí òfin dáàbò bo ẹni tó ń gbé ilé, títí kan ẹni tó yá a, kí wọ́n má bàa fipá lé e jáde tàbí máa halẹ̀ mọ́ ọn.

Tẹ́náǹtì tó wà lọ́dọ̀ mi báyìí, fọ́tò 23 ló kó ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tó wọlé. Ọ̀kan wà níbẹ̀, férémù wíńdò tí ikán ti jẹ, èmi tí mo nilé ò mọ̀ rárá. Kápẹ́ńtà ń bọ̀ ní Sátidé, mo ti fi aago tó máa dé ránṣẹ́ sí i.

Èmi ni,
Tẹ́náǹtì àná, lánlọ́ọ̀dù òní