Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ kí ó tó lọ sí Matsue

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara rẹ le, pé ẹ̀kọ́ rẹ ní Osaka náà sì ń lọ déédéé. O ní o fẹ́ lọ wo Matsue, ìlú olódi tí ó wà létí ọ̀sà ní Japáànù níbẹ̀, nígbà ìsinmi, kí o sì padà lọ́jọ́ kan náà. Mo bẹ̀ ọ́, sun ibẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí èmi náà ń kàwé ní Japáànù, mo sáré wọ odi ìlú yẹn, mo ya fọ́tò, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Nígbà tí ìyá onílé mi bi mí bí oòrùn ṣe wọ̀ lójú ọ̀sà, n kò rí nǹkan kan sọ. Ọdún méjì gbáko ni mo fi retí kí n tó tún débẹ̀.

Horio Yoshiharu, ìjòyè jagunjagun kan, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ odi náà ní 1607, wọ́n sì parí ilé gogoro onígi dúdú inú rẹ̀ ní 1611. Irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ó ṣẹ́kù láti ayé àtijọ́ ní gbogbo Japáànù kò ju méjìlá lọ. Ní 1875, ìjọba ta àwọn ilé inú odi náà fún àwọn tí yóò wó wọn. Wọ́n wó àwọn yòókù, ṣùgbọ́n Katsube Motoemon, àgbẹ̀ olówó kan, àti Takagi Gonpachi, tí ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ olúwa odi náà rí, kó owó jọ ra ilé gogoro náà padà. Bọ́ bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà, wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò yọ̀, nítorí àtẹ̀gùn ibẹ̀ dúró ṣánṣán bí àkàbà. Fọwọ́ kan àwọn òpó tí wọ́n fi pátákó bò, tí wọ́n sì fi irin dè yípo, kí o sì dárúkọ àwọn méjèèjì tí ó rà á padà.

Lẹ́yìn náà, wọ ọkọ̀ ojú omi nínú yàrà odi. Bí ẹ bá dé abẹ́ afárá tí ó rẹlẹ̀, awakọ̀ yóò rẹ òrùlé ọkọ̀ sílẹ̀, gbogbo yín yóò sì tẹ̀ ba, àgbà àti ọmọdé. Bí wọ́n bá fún ọ ní tíì aláwọ̀ ewé, fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo rẹ̀ bí a ti kọ́ ọ nílé.

Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, lọ jókòó létí ọ̀sà Shinji, níbi tí omi iyọ̀ àti omi odò ti pàdé. Erékùṣù kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Yomegashima, igi páìnì díẹ̀ ni ó wà lórí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn ń gbà wọ̀. Fi fóònù rẹ sínú àpò títí omi yóò fi pọ́n tí yóò sì tún dúdú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìwọ yóò rí àwọn apẹja tí ń fi ọ̀pá gígùn wa shijimi, ẹran inú ìkarahun kéékèèké, nísàlẹ̀ omi kan náà. Ọbẹ̀ rẹ̀ ni kí o fi jẹun àárọ̀.

Mú súwẹ́tà dání, afẹ́fẹ́ ọ̀sà tutù. Tí o bá dé, kọ̀wé sí mi, kí o sọ àwọ̀ tí omi náà ní fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ.