Sọ Ọ́ Kí Apẹ̀rẹ̀ Tó Dé

Àdùkẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo tún un gbọ́. O ní o ti lo oṣù 4 níbi iṣẹ́ tuntun yìí, àwọn ọ̀gá àgbà kò mọ orúkọ rẹ, bí o bá sì pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ á di. Mo rẹ́rìn-ín, má bínú. Ṣé ìwọ tí o ń bá àwọn Hausa ná obì ní Sábó níbí, nígbà tí o ṣì wà ní pírámárì?

Mi ò mọ iṣẹ́ yín yẹn dáadáa. Ohun tí ó yé mi ni pé ìwọ lò ń sọ ohun tí wọn yóò ṣe sínú áàpù àti ohun tí wọn yóò fi sílẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tí o lè pàṣẹ fún. Irú rẹ̀ ni tèmi. Kò sí dẹrẹ́bà tàbí alábàárù tó jẹ́ ọmọọ̀ṣẹ́ mi rí. Ẹnu ni mo fi ń gbé ẹrù obì dé Kano.

Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, mo kánjú. Gbànja tí a rẹ, tí a bó, omi ara rẹ̀ kò tíì ro tán tí mo fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀. Lọ́rì ti lọ kí àyà mi tó já. Obì tó bá lómi nínú, á ti máa rà kó tó dé Òkè Ọya. Mo lè dákẹ́, kí n máa gbàdúrà. Mo pe Alhaji tó fẹ́ gbà á: "Apẹ̀rẹ̀ 12 ń bẹ níbẹ̀ tí ọkàn mi ò balẹ̀ sí. Bó bá ti dé, ẹ tú u, ẹ ṣà á, èmi ni mo ni àdánù." Ó bú mi. Ó bú mi gan-an ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí owó obì bá fẹ́ yí, èmi ló ń kọ́kọ́ pè.

Nítorí náà, bí iṣẹ́ yín kò bá ní parí lọ́jọ́ tí ẹ dá, má jẹ́ kí ọ̀gá àgbà gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà. Sọ ohun tó bàjẹ́, iye tó máa jẹ, ohun tí o rò pé kí wọ́n ṣe. Gbólóhùn mẹ́ta tó. Ọ̀gá tó wà lórí rẹ gan-an ni kí o kọ́kọ́ sọ fún o! Má fò ó.

Ṣé o rántí bí bàbá rẹ ṣe máa ń rìn kí ìpàdé ẹbí tó bẹ̀rẹ̀? Ilé àgbà kan dé ìkejì. Nígbà tí wọ́n bá fi máa jókòó, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lọ bá ọ̀gá tó ń mójú tó owó kí o tó gbé àbá rẹ síwájú gbogbo wọn; bi í pé èwo nínú ìnáwó yín ni kì í jẹ́ kó sùn. Lọ bá olórí àwọn tó ń tajà náà, torí òun ló ń gbọ́ èébú oníbàárà. Ìwọ náà, máa jókòó ti àwọn tó ń gba ìpè oníbàárà, kí o lè ní ìròyìn tí àwọn ọ̀gá ò ní. Òun ni wọn yóò fi máa wá ọ.

Kíkúnlẹ̀ dára, èmi ni mo kọ́ ọ, ṣùgbọ́n má kúnlẹ̀ tán kí o wá gbé ọ̀rọ̀ mì.

Gààrí Ìjẹ̀bú tí mo fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ, ìwọ ni mo ní kí o mu ún. Má gbé e fún ọ̀gá kankan.

Pè mí lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ọ̀gá owó yẹn sọ.

Ìyá rẹ,
Ṣágámù